Ilé Méjì Létí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ẹni tí ó bá kọ́lé sí etí omi mọ ohun tí ó ń wò. Láti ojú omi ni ọrọ̀ ti ń wọlé, láti ibẹ̀ náà sì ni ewu ti ń wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn ilé àtijọ́ etí òkun fi máa ń kojú sí omi, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ga fíofío, kí ẹni tí ó wà lókè lè tètè rí ohun tí ń bọ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áyálàǹdì, ní agbègbè Mayo, ilé olókùúta gogoro kan wà tí a ń pè ní Rockfleet. Àjà mẹ́rin ni ó ní, ó sì súnmọ́ omi débi pé bí òkun bá kún, ẹsẹ̀ ilé náà ni omi máa ń dé. Obìnrin kan ni ó sọ ilé náà di olókìkí. Gráinne Ní Mháille ni orúkọ rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀. Grace O'Malley ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nǹkan bí ọdún 1530 ni a bí i. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ní jagunjagun, ó ń ṣòwò, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tí ó bá gba àgbègbè rẹ̀ kọjá, bí ó bá sì wù ú, a kó ẹrù inú wọn. Ní ọdún 1593, ó wọkọ̀ lọ bá Ọbabìnrin Elizabeth ní Greenwich láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pa á nítàn pé bí ó bá fẹ́ sùn ní Rockfleet, ojú fèrèsé ni ó ń gbà fa okùn ọkọ̀ rẹ̀ wọlé, a sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, kí olè má baà gbé ọkọ̀ náà lọ lóru.

Ìtàn ilé yìí ni ó mú mi ronú sí ilé etí omi tiwa. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé. Àwa kò ní òkun, a kò sì ní ọ̀sà. Òkè àti àpáta ni Olódùmarè fi jíǹkí wa, àwọn ni a sì fi ṣe odi nígbà ogun. Síbẹ̀, kò sí ilé kan ní Èkìtì tí òkun kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ogun ń jà kiri ilẹ̀ Yorùbá, a kó ọmọ Èkìtì lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn àti ibòmíràn, a sì ta nínú wọn títí dé etí omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ parí sí, kí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni mo lọ.

Ọ̀nà náà jìn. Láti Adó a gba Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ títí a fi wọ Èkó. Lẹ́yìn Èkó ni a tún gba Mile 2 àti Òkòkómáìkò kọjá lọ sí ìhà ààlà ilẹ̀ Benin. Bí a bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, èdè etí ọ̀nà a yí padà. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ni wọ́n ni ilẹ̀ Àgbádárìgì, Yorùbá sì ti ń bá wọn gbé láti ìgbà pípẹ́. Ìlú náà kò kojú sí òkun gan-an. Ọ̀sà ni ó wà níwájú rẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀sà ni erékùṣù Gbẹrẹfú wà, ẹ̀yìn Gbẹrẹfú ni òkun ńlá wà. Ìrìn-àjò mẹ́ta ni ẹrú ń rìn níbẹ̀: láti inú ìlú dé etí ọ̀sà, láti etí ọ̀sà dé Gbẹrẹfú, láti Gbẹrẹfú wọnú ọkọ̀ òyìnbó.

Ilé púpọ̀ ni àlejò lè wò ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Láàrin ọdún 1840 sí 1850 ni ìtàn àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin láti ọ̀kan dé èkejì.

Èkíní ni ilé tí a fi ń kó ẹrú pamọ́, tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Sẹ́ríkí Williams Abass. Ogójì yàrá kótópó ni a kọ́ síbẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó kù nínú wọn ni àlejò lè wọ̀. Mo wọ ọ̀kan. Bí mo ti na apá mi sọ́tùn-ún àti sósì, mo rí i pé àyè ibẹ̀ kò tó fún ẹni mẹ́wàá láti dùbúlẹ̀ láìfara kan ara, ṣùgbọ́n àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ sọ fún wa pé ogójì èèyàn ni a ń kó sínú yàrá kan títí ọkọ̀ yóò fi dé. Wọ́n tún sọ pé agbòòrùn kan ṣoṣo ni òyìnbó máa ń fi pààrọ̀ ogójì èèyàn nígbà mìíràn. Bóyá iye yẹn jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó dájú ni pé ọjà tí ó ń wọlé nípasẹ̀ òwò náà ni agbòòrùn, ọtí, ìbọn, aṣọ àti dígí, èèyàn ni a sì ń fi san owó wọn.

Ìyá àgbà kan wà láàrin àwa tí a jọ wọlé. Ó ti dákẹ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a jáde sí àgbàlá, ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin afinimọ̀nà náà pé, 'Ọmọ mi, ta ni ó ń tà wọ́n fún òyìnbó?' Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ tọrọ àforíjì lórí ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó ní, 'Ẹ má bínú, Màmá. Àwa náà ni.'

Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ni ilé yẹn kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni Abass, láti Joga-Òrílé ní ilẹ̀ Yewa. Ohun tí ó mú mi dúró sí iwájú sàréè rẹ̀, tí ó wà nínú àgbàlá náà títí di òní, ni pé ẹrú ni òun fúnra rẹ̀ nígbà kan. Ogun ni ó kó o ní kékeré, a sì tà á. Williams tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó rà á ni. Ìtàn sọ pé wọ́n mú un dé Brazil, ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó oríṣiríṣi níbẹ̀, ó sì padà wálé. Nígbà tí ó padà, òwò tí a fi òun ṣe ni òun náà ń ṣe. Ó lówó, ó lóyè, ó di alágbára láàrin ìlú. Ọdún 1919 ni ó kú. Ẹni tí ó mọ bí ọrùn ti ń rí nínú ẹ̀wọ̀n ni ó ń fi ẹ̀wọ̀n sí ọrùn ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọn ẹ̀wọ̀n náà, kí ó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ti ọrùn wà níbẹ̀, ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọmọdé náà sì wà níbẹ̀. Èmi kò lè gbàgbé irin tí a fi ń ti ẹnu ẹrú pa. Nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi, irin yẹn bá mi jà ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe ara ẹrú nìkan ni a dè. A ti ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ilé kejì wà ní Marina, ó kojú sí ọ̀sà. Òun ni a mọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ CMS ni ó kọ́ ọ. Ọdún 1842 ni a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1845 ni a parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń retí ilé ńlá olókùúta bí ti Rockfleet yóò kọ́kọ́ rò pé òun ti ṣìnà. Ilé alájà kan ni, òrùlé páànù ni ó ní, fèrèsé rẹ̀ pọ̀, àtẹ̀gùn àti pákó ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dún bí ènìyàn bá ń tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró lójú fèrèsé òkè, gbogbo ọ̀sà ni yóò máa wò títí dé igi àgbọn Gbẹrẹfú. Ẹni tí ó bá gbé òkè yẹn ní ọdún 1845 lè rí ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrú sọdá ọ̀sà. Òwò náà kò tíì tán nígbà náà. Ní òpin ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kọlu Èkó, ọdún 1852 ni a sì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí òwò ẹrú dópin.

Lára àwọn tí ó dé Àgbádárìgì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther. Púpọ̀ nínú wa mọ Crowther gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù, a sì máa ń rí àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ oyè. Ẹ jẹ́ kí a wò ó ní ọjọ́ tí ó gòkè sí etí omi yẹn. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olúwa rẹ̀ lọ́rùn, a dá Àjàyí padà. A tún tà á, a tún un tà, títí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, dá ọkọ̀ Potogí náà dúró lójú òkun, tí ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Nígbà tí ó padà sí etí òkun yìí, ó ti lé ní ogún ọdún.

Ohun tí ó kó padà ni mo lọ wò. Ní ọdún 1843 ni ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, kí ó tó dé Àgbádárìgì. Fún bí ọdún kan àbọ̀ tí ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn, ìlú yìí ni ó wà, tí ó ń wàásù, tí ó sì ń bá iṣẹ́ èdè lọ. Nígbà tí ọ̀nà là ní ọdún 1846, ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó tún rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n. Odindi Bíbélì Yorùbá kò parí títí di ọdún 1884, ọwọ́ púpọ̀ sì ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Crowther ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Òun náà ni ó ṣe alága ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Bíbélì Yorùbá wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lónìí fún àlejò láti wò.

Ẹ wá wo nǹkan. Ọmọ Yorùbá méjì, ogun kó àwọn méjèèjì ní kékeré. A ta àwọn méjèèjì. Òkun gbé àwọn méjèèjì lọ. Àwọn méjèèjì kọ́ èdè òyìnbó, àwọn méjèèjì sì padà. Ọ̀kan fi ohun tí ó kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, èkejì fi ohun tí ó kọ́ ṣí ẹnu ènìyàn. Mi ò sọ pé Crowther kò ní àbùkù, tàbí pé gbogbo ohun tí àwọn òjíṣẹ́ náà mú wá ni ó ṣe wá láǹfààní. Àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ní ohun tí wọ́n lè sọ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìyà ni ó sọ Abass di òǹtajà èèyàn, nítorí irú ìyà kan náà jẹ Àjàyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Èkìtì ju bí a ti rò lọ. Àwa tí à ń pe ilé ní 'ulé' nínú èdè Adó, Yorùbá tí a ń kà nínú ìwé kì í ṣe èyí tí ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Èdè Ọ̀yọ́ ni Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kíkọ lé lórí jù lọ. Síbẹ̀, ìwé yẹn ni ó gòkè tọ̀ wá wá nígbà tí ogun Kírìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run wá. Nínú ogun náà ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Etí omi ni ìbọn tuntun ti wá. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó ni ó ṣètò láti rà á. Etí omi náà ni àwọn tí ó mú ọ̀rọ̀ àlàáfíà wá ti wá. Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ CMS, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàrin àgọ́ méjèèjì, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Sierra Leone ni a ti bí Johnson, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni. Bí a kò bá rí i bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a rí i báyìí: ọmọ ẹrú àná ni ó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà wá.

Ní Adó fúnra rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè sọ bí ẹ̀sìn Kristi ṣe wọ ìlú kí a má dárúkọ Babamúbọ̀ní. Ọmọ Adó ni, ogun kó o lẹ́rú, ó sì padà wálé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tuntun. Ó lè padà pẹ̀lú ìkórìíra. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Áyálàǹdì pàápàá kò jìnnà sí wa bí àwòrán ilẹ̀ ayé ti fi hàn. Ẹ lọ wo kàtídírà ìjọ Àgùdà ní Adó-Èkìtì. Orúkọ Patrick Mímọ́ ni ó ń jẹ́. A mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́ ilẹ̀ Áyálàǹdì, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ náà sì fi í ṣe alábòójútó Nàìjíríà ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n Patrick kì í ṣe ọmọ Áyálàǹdì. Ọmọ ilẹ̀ Britain ni. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ Áyálàǹdì gba ojú òkun wá, tí wọ́n sì kó o lẹ́rú. Ọdún mẹ́fà ni ó fi da ẹran fún olówó rẹ̀ kí ó tó sá wọkọ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ó tún padà, ní ìfẹ́ inú ara rẹ̀, sí ilẹ̀ àwọn tí ó kó o lẹ́rú, láti wàásù fún wọn. Nígbà tí ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Coroticus kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lẹ́rú, Patrick kọ lẹ́tà líle sí àwọn jagunjagun rẹ̀, lẹ́tà náà sì wà títí di òní. Nítorí náà, orúkọ ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí ni ó wà lára kàtídírà tí a ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Kí ni kí a ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí? Púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ni ó ní ibi tí ayé ti ta wá. Fún ẹlòmíràn, ilé tí a ti tọ́ ọ ni. Fún ẹlòmíràn, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Fún ẹlòmíràn, àjèjì ilẹ̀ tí ó lọ ṣe làálàá ni. A máa ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo pé, 'Báyìí ni wọ́n ṣe fìyà jẹ èmi náà.' Ẹni tí ó jẹ ìyà lábẹ́ ọ̀gá ń fi irú ìyà kan náà jẹ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ gún ní kékeré ń fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Òwe àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí yóò fi igi gún ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi dá ara rẹ̀ wò. Abass kò nílò láti dán an wò. Igi náà ti gún un rí, ó sì tún mú un lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń lọ sí Àgbádárìgì, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn fẹ́ ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ilé Abass ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ yàrá náà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dé ilé Mobee. Ẹ wọkọ̀ sọdá sí Gbẹrẹfú ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó le, nítorí ìrìn inú iyanrìn ibẹ̀ dé etí òkun kò kéré. Ẹ óò rí kànga tí a sọ pé wọ́n ń mú ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ mú omi mímu tiyín dání, kí ẹ sì mú àwọn àbúrò yín tí ó ti lè béèrè ìbéèrè lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ìyá àgbà yẹn béèrè, ẹ má ṣe yí ìdáhùn rẹ̀ po.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí ó ṣe ìkẹyìn. Nígbà náà, bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ẹ sì rí ìwé Yorùbá tí a tò síbẹ̀, kò ní dà bí ohun àtijọ́ lásán lójú yín. Ẹ wo àwọn àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, èyí tí ó wà lábẹ́ ẹ, lábẹ́ ọ àti lábẹ́ ṣ. Ẹni tí a fi pààrọ̀ ẹṣin rí jókòó láti yan bí a óò ṣe máa kọ wọ́n, kí ohùn wa má baà sọnù. Òun náà ni àwa ń kọ lórí fóònù wa lónìí, tí a máa ń fò wọ́n nítorí ìkánjú. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi wọ́n sí i.